Fílítà Tí Mo Jù Sí Ṣáláńgá

                                        Ilé Olókè,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                        Òsí, Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, 2025.

Adéjùmọ̀, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Wisdom ńkọ́, ṣé ó ń fojú sí ìwé rẹ̀? A gbọ́ pé òjò pọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Minna. Ẹ kú òjò o. Nílé tiwa níbí, a ṣáà ń mí. Iṣu tuntun ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọdún yìí kò ta dáadáa. Ọwọ́ Ìbídùnní ìyàwó mi ti jinná, ṣùgbọ́n kò tíì lè fi gún iyán.

Ọwọ́ yẹn gan-an wà nínú ohun tó mú mi kọ̀wé. Lóṣù tó kọjá, o bi mí lórí fóònù pé kí ló gbé Naheem kúrò ní Òsí, Naheem tó ti ń tún máṣíìnì alùpùpù ṣe lábẹ́ igi máńgòrò yẹn láti ìgbà tó ti fi ìwé sílẹ̀, tí èmi pẹ̀lú rẹ ń bá tiwa lọ. Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Èmi ni mo lé e lọ. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù torí mo mọ̀ ọ́: wàá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, wàá bá mi wá àwáwí. Mi ò fẹ́ àwáwí.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti ra máṣíìnì mi, ọwọ́ Naheem nìkan ló ń kàn án. Òun ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì, òun náà ló ń pààrọ̀ fílítà tó ń sẹ́ ọ́ìlì ọ̀hún. Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù keje, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó ń dún bí ẹni tó ń fọ́ egungun jẹ. Naheem sọ fún mi pé ọ́ìlì tí mò ń rà lẹ́bàá ọ̀nà ni kò dára, pé àlòkù ni wọ́n ń dà sínú ike tuntun, àti pé iṣu tí mò ń kó láti Òbò-Ilé ti pọ̀ jù fún máṣíìnì náà. Inú bí mi. Ṣé èmi olùkọ́ ni ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ra ọ́ìlì?

Mo gba ọ̀dọ̀ Lábọ̀dé lọ, ẹni tó ń ta sípéàpáàtì létí ọjà. Kò wo ẹ́ńjìnnì, kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Ó ní ó dájú pé fílítà ògbólógbòó ni Naheem ń fi bẹntiróò fọ̀, tó ń dá a pa dà síbẹ̀, tó sì ń fi tuntun tí mo rà ṣe ti ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, torí ó gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn mi. Mo sọ ọ́ ní ọ́fíìsì àwọn olùkọ́. Mo sọ ọ́ níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń tò sí. Mo tiẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ ní ìpàdé àwọn ọkùnrin ìjọ wa, lọ́jọ́ tí mò ń kọ́ wọn nípa òtítọ́ inú. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn ènìyàn ti ń wa máṣíìnì wọn dé Koro kí ọwọ́ Naheem má bàa kàn án.

Ní Sátidé kan, mo ní kí n kúkú pààrọ̀ fílítà náà fúnra mi nílé. Mo ra tuntun lọ́wọ́ Lábọ̀dé, mo wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé máṣíìnì dúró lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo da ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú abọ́ fífọ́ kan, mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó de ọmọrí ibi tí fílítà wà. Sípíríǹgì fò jáde sínú iyẹ̀pẹ̀. Ìbídùnní ló bá mi ṣà á, tó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Mo wá fa fílítà tó wà níbẹ̀ yọ.

Adéjùmọ̀, tuntun tí mo rà ni; kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n fi í síbẹ̀. Ọ́ìlì burúkú mi ti sọ ọ́ di dúdú, ṣùgbọ́n Naheem ti fi ìṣó ha ọjọ́ tó fi í síbẹ̀ sára irin etí rẹ̀: ọjọ́ kẹta, oṣù keje, ọdún yẹn gan-an. Mo nù ún, mo tún un nù. Ìkọ̀wé rẹ̀ ni, èyí tí mo mọ̀ láti kékeré.

Ó yẹ kí n gbé e lọ bá gbogbo àwọn tí mo ti bà á lórúkọ jẹ́ lójú wọn. Mo wẹ̀yìn wò bóyá Ìbídùnní rí i. Kò rí i. Mo lọ jù ú sí ṣáláńgá, mo sì dúró gbọ́ bó ṣe bọ́.

Mo pa dà sídìí máṣíìnì. Mo ń kánjú ti tuntun bọ ihò rẹ̀. Ìbídùnní ní, “Bàbá Joy, ṣé o wo ibi tí ti àkọ́kọ́ kọjú sí kí o tó yọ ọ́?” Mo ní kó lọ bójú tó ilá tó ń rẹ́. Ojú kan fílítà yẹn ní ihò, ojú kejì dí pa. Èyí tó dí ni mo kọ sí ibi tí ọ́ìlì ń gbà. Mo ta máṣíìnì, ó dáhùn, mo rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Tuesday, èmi àti Ìbídùnní ń bọ̀ láti oko. A ò tíì dé Òsí tí ẹ́ńjìnnì fi há, tí táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi, tó sì gbé wa jù sílẹ̀. Èmi kàn bó lórúnkún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ nígbọ̀nwọ́. Mo gbọ́ bó ṣe ró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá. Naheem ló dúró. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi so ọwọ́ náà mọ́ ọn láyà, ó bẹ ọkọ̀ onígi ìdáná kan, ó sì bá wa dé ọsibítù. Lẹ́yìn náà ló pa dà lọ fi okùn fa máṣíìnì mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti tú ẹ́ńjìnnì. Ó na fílítà sí mi. Ó ní òdì ni mo fi í sí, pé ọ́ìlì ò rọ́nà lọ sókè. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Gideon, èyí tó o yọ ńkọ́? Ṣé o rí ohun tí mo kọ sí i?”

Mo ní mi ò wò ó.

Ó bu ọṣẹ, ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Mo ti ń retí kí o ṣí i láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti dé etí mi. Mo ní tó o bá ṣí i, wàá sọ fún wọn.”

Ó tún máṣíìnì náà ṣe. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ó kó sípánà rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, òun àti Alimat ìyàwó rẹ̀ sì bọ́ sínú ọkọ̀ Ìlọrin.

Mo jẹ́wọ́ fún Ìbídùnní nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú sìmẹ́ńtì. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún tuntun, mo dìde níwájú àwọn tí mo parọ́ fún, mo sọ bó ṣe rí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lábọ̀dé ní òun ò rántí pé òun sọ nǹkan kan. Ẹnì kan ní tí ọwọ́ Naheem bá mọ́ lóòótọ́, kí ló dé tó sá? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ó bá a, Adéjùmọ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ti jẹun yó, ó ti nu ẹnu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá Naheem lọ sí Ìlọrin. Abẹ́ ẹlòmíràn ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọkùnrin tó kéré sí wa lọ́jọ́ orí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti mu. Ó yára gbé mi dìde, ó fún mi ní àga, ó ra omi tútù fún mi. Ó ní òun ti dárí jì mí, pé kò sí nǹkan kan nínú òun níwájú Ọlọ́run. Ara mi ń balẹ̀ bọ̀, àfìgbà tí mo fetí sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. “Ẹ kú ọ̀nà, sà. Ìyá Joy ńkọ́, ṣé ọwọ́ wọn ti jinná?”

O mọ èdè ilé wa. Bàbá tó bí wa lọ́mọ gan-an, “ìwọ” là ń pè é. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wẹ̀ níhòòhò nínú odò kan náà. Mo fi èdè ilé bá a sọ̀rọ̀, ó fi Yorùbá àwọn oníbàárà dá mi lóhùn. Mo tún fi bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà.”

Nígbà tí mo ń lọ, ọ̀gá rẹ̀ bi í pé ta ni mí. Mo gbọ́ èsì rẹ̀ kí n tó dé títì. Ó ní, “Olùkọ́ kan ni wọ́n ní ìlú wa. Mo máa ń tún máṣíìnì wọn ṣe tẹ́lẹ̀.”

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti Wisdom. Ìbídùnní àti Joy ní kí n kí yín. Má pè mí láti tù mí nínú. Naheem ni kí o pè. Bóyá yóò fi èdè ilé dá ìwọ lóhùn.

Èmi, ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣẹ̀,
Gideon.