Ilẹ̀kùn Ààrò Tí Ẹnikẹ́ni Ò Sọ fún Mi
Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Mo ní ilé búrẹ́dì kékeré l'Ọ̀wọ̀. Àbúrò ọkọ mi ni mo fi ṣe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, mi ò bi í bóyá ó mọ iṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, ilẹ̀kùn ààrò já lu òṣìṣẹ́ mi kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní Hamidat, ó sì jó o lápá.

Lọ́sibítù, ó ní, "Mọ́mì, mo sọ fún ọ̀gá wa pé ilẹ̀kùn náà ti ń mì. Wọ́n ní kí n má dà yín láàmú."

Mo lé àbúrò ọkọ mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti rẹ̀ mí.

Hamidat fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyá rẹ̀ ò gbà. Ẹ̀yin ìyá tó ń gbọ́ wa, kí ni kí n sọ fún ìyá Hamidat?