Ìbéèrè Méjì Tí N Kò Bi Ọkọ Rẹ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. N kò ní béèrè bóyá ẹ wà dáadáa, nítorí mo mọ̀ pé ẹ kò wà dáadáa. Àdúrà mi ni pé kí ara yín le, kí oúnjẹ sì lè máa gba ọ̀fun yín kọjá.

Mo gbọ́ ohun tí ẹbí ọkọ rẹ ń sọ kiri, pé ẹnu rẹ ló pa Káfíńtà ọkọ rẹ, pé ọkùnrin kì í dédé gbẹ̀mí ara rẹ̀ bí ìyàwó kò bá fojú rẹ̀ rí màbo. Mo sì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ níbi ìpàdé ọjọ́ Sátidé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ń gbé ọ̀rọ̀ kan mì. Kò ṣeé gbé mì mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ rẹ wá sí ilé ìwòsàn wa láàárín oṣù méjì, tí kò sọ fún ọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní orí ń fọ́ òun. Lẹ́ẹ̀kejì, inú rírun ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun kì í rí oorun sùn. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, mo fún un lóògùn, mo tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, "Àbúrò mi ń bọ́ yín yó jù ni." Ó rẹ́rìn-ín.

Ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù wa, ìbéèrè méjì wà tó yẹ kí a bi gbogbo ẹni tó bá wọlé: ṣé ọkàn rẹ ti ń bà jẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn? Ṣé ó ti ṣe ọ́ bíi pé kí o má sí láyé mọ́? Torí irú èyí ni wọ́n ṣe kọ́ ilé ìwòsàn kékeré sáàárín àdúgbò, kí a lè tètè rí àìsàn kó tó di ti ọsibítù ńlá. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ jù wá lọ. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, àwa nọ́ọ̀sì ti máa ń kọ "Rárá" sí iwájú ìbéèrè méjèèjì lórí gbogbo fọ́ọ̀mù. Ọkọ rẹ kò tíì jáde nílé tí mo ti bá a dáhùn.

A máa ń tu ara wa nínú pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ ló ń bá a dákẹ́. Ọkọ rẹ kò dákẹ́. Lọ́jọ́ kẹta yẹn, ó na ìka sí fọ́ọ̀mù náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì bi mí ní ti ìsàlẹ̀ yìí."

Mo ní, "Àna mi, ìyẹn ò kàn yín. Ti àwọn tí orí wọn ti dàrú nìyẹn."

Ó ní ó dáa. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ. Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ Àìkú lo pè mí.

Fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àpòòwé yìí. Ka lẹ́tà yìí sí ẹbí ọkọ rẹ létí lọ́jọ́ Sátidé, má fo ìlà kankan. N kò mọ̀ bóyá Káfíńtà ì bá wà láàyè ká ní mo béèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó fẹ́ dáhùn. Ojú ń tì mí, àbúrò mi. Bí o kò bá fẹ́ rí mi mọ́, mo gbà.

Kí Ọlọ́run rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, kí ó dá àwọn ọmọ sí, kí ó má jẹ́ kí o wá ẹni tí yóò gbọ́ tìrẹ tì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Nọ́ọ̀sì.

Àfikún: Mo mọ̀ ọ́, o lè fẹ́ ya lẹ́tà yìí kí iṣẹ́ mi má bàa bọ́. Mo ti fún ọ̀gá wa ní ẹ̀dà rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó kà á tán, ó ní kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí n máa lọ sílé. Kò sí ohun tí o fẹ́ dáàbò bò fún mi mọ́. Kà á fún wọn.