Bí Ẹ Kò Ṣe Ní Tètè Kú Nínú Eré Ìbọn, Ìyé

Ẹ kú ilé o, Ìyé mi. Ẹ kú èéfín, ẹ kú ẹ̀gẹ́, ẹ kú àtijọ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti yàrá mi níbí ní Kánádà, orúnkún méjèèjì ló sì kanlẹ̀, kí Ìyá Dèjì má baà sọ pé òyìnbó ti sọ mí di ẹni tí ń nàró kí àgbà. Mo kí Fúnkẹ́ àbúrò mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo kí Ìyá Dèjì fúnra wọn, àti gbogbo ìyá tí ẹ jọ ń fi púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa tí à ń fi èéfín gbẹ, sórí iná lábẹ́ àtíbàbà. Bàbá wa tó ti lọ, kí Ọlọ́run túbọ̀ tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí mo fi lẹ́tà ìyá mi sínú ìwé ìròyìn àwa ọmọ Ìkálẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń kà. Mo mọ̀ yín ni. Èyí tí mo bá kọ sí ẹ̀yin nìkan, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń lọ, ẹ óò sì sọ fún àwọn ará ilé pé mo kàn kí wọn ni. Èyí yìí, mo fẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Òtútù ibí kọjá ohun tí ènìyàn lè fẹnu sọ. Yìnyín ti bo ọ̀nà láti bí oṣù mẹ́ta. Oòrùn ń yọ, àmọ́ kò mú nǹkan kan gbóná, ó kàn ń tàn lásán ni. Ilé àwọn arúgbó náà ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń wọṣọ fún wọn, mo ń fún wọn lóúnjẹ. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń kán oògùn sí lójú ní àràárọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Á di ọwọ́ mi mú, á ní ọwọ́ mi gbóná. Bí mo bá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, n kì í tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, àfi ẹ̀yin.

Ẹ rántí bí eré yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá pè yín, ẹ óò bi mí ohun tí mo jẹ, èmi náà óò bi yín bí ara ṣe rí, ọ̀rọ̀ tán. Lọ́jọ́ kan ẹ gbọ́ ìró ìbọn lọ́dọ̀ mi, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ figbe ta. Mo ṣàlàyé pé eré orí fóònù ni, pé ènìyàn bí ọgọ́rùn-ún láti ìlú káàkiri ń bẹ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ òfuurufú sórí erékùṣù kan, wọ́n á sì máa yìnbọn mọ́ra wọn títí yóò fi ku ẹyọ ẹgbẹ́ kan. Ẹ bi mí bóyá èmi àti ẹ̀yin lè jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní kí Fúnkẹ́ gbé e sórí fóònù tiyín náà, pé ó kéré tán, ibì kan á wà tí a ó ti jọ máa rìn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. N kò sọ fún yín.

Oṣù mẹ́jọ rèé. Ìyá Púpurú ni orúkọ tí ẹ ń jẹ́ níbẹ̀, Ìyá Dèjì àti àwọn ìyá méjì mìíràn sì ti tẹ̀ lé yín wọ̀ ọ́. Fúnkẹ́ ní wọ́n ń kùn pé ẹsẹ̀ àwọn kì í tíì kanlẹ̀ tán tí wọ́n fi ń pa àwọn, pé kí n kọ ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ó dára. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́.

Àkọ́kọ́, ẹ yé bẹ́ sílẹ̀ síbi tí èrò ń bẹ́ sí. Àwọn ilé gogoro àárín ìlú yẹn, ìbọn pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn tí wọ́n ń dù ú náà pọ̀. Ẹ lọ sí abúlé tó wà lẹ́yìn odi, kí ẹ fara balẹ̀ ṣa ohun tí ẹ bá rí. Ìbọn àti ọta rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣà. Ìyé, mo yẹ àpò yín wò lọ́jọ́ kan, báńdéèjì mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, kò sí ọta ìbọn kan ṣoṣo. Ẹ ní ohun tí a ó fi tọ́jú ẹni tó fara pa kì í pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó yọ sí wa láti ẹ̀yìn ògiri kò dúró gbọ́ ọ.

Ẹ má sì kí wọn mọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé ní Igbotako ìlú wa, ẹni tó bá kọjá lára àgbà lọ́nà oko láìkí i, wọ́n á bèèrè ilé tí wọ́n ti bí i. Àmọ́ àwọn tí à ń bá pàdé níbẹ̀ kì í ṣe ará oko. Lọ́jọ́ kan, ẹ dúró láàárín pápá gbalasa, ẹ kí ọmọ kan kú iṣẹ́, ẹ tún kí i kú oòrùn, ìbọn ló fi dá yín lóhùn. Ikú yẹn kò tilẹ̀ dùn yín. Ohun tí ẹ ń sọ títí a fi palẹ̀ mọ́ ni pé ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ máa fi íápíìsì sétí, kí ẹ lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ kó tó dé. Ẹ má sáré ní gbangba, ẹ máa ti ẹ̀yìn igi kan bọ́ sí ẹ̀yìn igi mìíràn. Bí ìbọn bá bà yín, ẹ kọ́kọ́ sá pamọ́ kí ẹ tó di ojú ọgbẹ́. Ẹni tí kò bá ríbi sá sí, kó dojú bolẹ̀ sínú koríko. Ìyá Dèjì ti di ọ̀gá nínú ìyẹn. Wọ́n dojú bolẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré kan dé ìparí, wọ́n sì ṣe ipò kejì láìyin ọta kan.

Ẹ tún ṣọ́ òrùka yẹn, òrùka aláwọ̀ ojú ọ̀run tó máa ń sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò kú sí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ yìnbọn fún un. Bí ẹ bá ti rí i tó ń bọ̀, ẹ máa sáré lọ sí àárín. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ òrùka yìí.

Èyí tó kù ni pé kí ẹ máa yíjú, kí ẹ wo ọ̀tún, kí ẹ wo òsì. Ìyé, èyí ni mo ti fi jágbe mọ́ yín jù. Apá òsì ni wọ́n ń gbà pa yín nígbà gbogbo. Mo bi yín bóyá ẹ ń sùn ni. Mo ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, mo bi yín pé kí lẹ̀yin ń fi ojú tiyín ṣe. Èmi, ọmọ tí ẹ bí. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ní arúgbó ò lè yára bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pa. Ẹni tí wọ́n bá ti pa nínú eré yìí kò lè ṣe nǹkan kan mọ́, ojú ẹni tó kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa fi wòran. Nítorí náà, ojú yín ni mo fi ń wò. Ẹ jókòó sínú ilé kan, ẹ dojú kọ ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan gba fèrèsé òsì wọlé. Kò fara pamọ́. Ó dúró gedegbe, mo ń rí i ketekete ní etí fóònù mi. Ẹ kò yíjú. Ó tún sún mọ́ yín. Ẹ ń sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ibẹ̀ mà parọ́rọ́ o, pé ó jọ pé gbogbo wọn ti lọ sílé. Ó gbé ìbọn sókè, ó dúró díẹ̀, bí ẹni pé ó ya òun náà lẹ́nu, ó sì yìn ín.

Ẹ kò rí i, Ìyé. Ẹ kò rí apá òsì rárá.

Mo pe Fúnkẹ́. Ó kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ po, nígbà tó yá ó jẹ́wọ́ pé ọ̀kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá yín lójú títì, pé òsì ló ti wá, àti pé láti ọdún tó kọjá ni ẹ ti ń fi èjìká òsì kọ lu òpó àtíbàbà. Ẹ ti ní kó má sọ fún mi.

Mo bi yín. Ẹ ní èéfín púpurú ni. Ẹ ní ojú gbogbo ìyá tó ń ṣe púpurú ló ń pọ́n, tó ń ṣomi, pé bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ìyá yín rí kí wọ́n tó kú. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí, torí mo rántí pé ńṣe ni a ń fa Màmá Àgbà lọ́wọ́ kiri ilé. Gbogbo wa dá èéfín lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó mú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan.

Nọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ mi ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ìyá arúgbó tí mo ń kán oògùn sí lójú. Glọkómà ni wọ́n ń pè é. Ó ní kì í sábà dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló máa ń ti jẹ wọ inú, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ibi tó bá ti jẹ kì í padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn lè dá ìyókù sí. N kò mọ̀ bóyá òun ló ń ṣe yín, n kì í ṣe dókítà. Àmọ́ ní àràárọ̀ báyìí, bí mo bá ń kán oògùn sójú ìyá ẹlòmíràn, ojú tiyín ni mo ń rò.

Ẹ ti gbà pé ẹ óò lọ rí dókítà ojú. Ẹ ní ọjọ́ tí mo bá dé ni a ó jọ lọ. Ìyé, n kò lè dé. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, bí mo bá sì jáde, wọ́n lè má jẹ́ kí n wọlé mọ́. Wọn kò sọ ọjọ́ tí yóò jáde. Bí mo bá pè wọ́n, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Mo ti gbàdúrà, mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, kò sí ohun tí ọwọ́ mi ká. Nínú eré, bí wọ́n bá yìnbọn fún yín tí ẹ ṣubú, tí ẹ kò tíì kú tán, mo lè sáré wá, kí n fi ìka tẹ ibì kan, kí ẹ sì dìde. Tí a bá ti pa fóònù, ìran ni mo kàn ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí òrùka. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ yín lára, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú yín. Wọ́n ti pa mí nígbà yẹn. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ sáré. Ẹ dúró ní oríta kan, ẹ ní ẹ kò lè fi mí sílẹ̀ sínú igbó. Ibẹ̀ lẹ dúró sí títí ẹ fi kú.

Mo mọ ibi tí ẹ ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ẹ̀yin ìyá bá ń bọ̀ láti oko ẹ̀gẹ́, ẹ kì í kọjá oríta àfi bí gbogbo yín bá pé. Bí ó bá ku ẹnì kan sẹ́yìn, ẹ óò sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ óò dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń ṣú. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú yín lọ: kí ẹni tó wà lẹ́yìn fúnra rẹ̀ ké láti inú igbó pé kí ẹ máa lọ, kí gbogbo ẹni tó wà ní oríta sì gbọ́ ọ. Bí ó bá ti ké bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tó lọ.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ní gbangba nìyí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Fúnkẹ́ yóò gbé ọkọ̀ wá láti Òkìtìpupa láti mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ìyá Dèjì, ẹ bá wa ṣọ́ iná púpurú lọ́jọ́ náà, bí ìyá mi bá sì ní àwọn kò lọ, ẹ ka èyí sí wọn létí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo kí ẹ̀yin ará ilé, mo kí ará ṣọ́ọ̀ṣì, mo kí gbogbo ẹni tó ń bá mi wo ìyá mi. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tó tọ́ wa dàgbà ṣókùnkùn mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ óò fi í rí mi, ẹ óò fi í rí ọmọ tí n óò bí.

Ìyé, èmi ló kù sẹ́yìn. Igbó yìí jìn, n kò sì mọ ìgbà tí n óò yọ. Ẹ gbọ́ ohùn mi o, kí gbogbo oríta bá yín gbọ́ ọ: ẹ máa lọ. Ẹ máa lọ o, mo ń bọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá.