Èèpo Àlùbọ́sà Tí Kò Fọ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo ń jowú Bísí, ọmọ bíbí inú mi. Àwòrán mẹ́fà ni mo gbé kọ́ ògiri, márùn-ún jẹ́ tèmi, ẹyọ kan péré tí òun ṣe ni àlejò tó wá wo iṣẹ́ wa láti Mende dúró tì. Èèpo àlùbọ́sà tí a ṣà ní ọjà Mile 12 ni Bísí lẹ̀ mọ́ aṣọ àpò láti fi ya àwòrán náà, kò sì fọ́. Tèmi a máa fọ́.

Àlejò náà bi mí pé, "Baba, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

Ẹnu mi yá jù mí lọ. Mo ní èmi ni.

"Kí lẹ ṣe tí kò fi fọ́?"

Bísí bú sẹ́rìn-ín. "Daddy, ẹ sọ fún wọn o."

Mo ní àṣírí ìdílé ni.

Ọmọ tí mo kọ́ ní bí a ṣe ń di àlùmọ́gàjí mú!

Lọ́la, tí Bísí bá ń ṣiṣẹ́, màá sùn sórí àga, màá hanrun dáadáa, màá sì la ojú kan sílẹ̀.