Ìyẹ́ Àdán Tó Di Aṣọ Ọmọ

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Alágbàfọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Kọ́lẹ́ẹ̀jì.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé n kò tíì kí yín kí n tó sọ ọ́: Aṣọ Àdán tí ẹ fọwọ́ ara yín rán fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo gé ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń gbé e mì.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, àtàwọn ọmọ iṣẹ́ yín tí wọ́n ń bá máṣíìnì jà? Àwa náà wà. Ikọ́ ọmọ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé nígbà tiyín, kìnnìún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sán fi ṣe àmì ẹgbẹ́ wọn, ni ẹ̀yin náà bá rán Àdán fún ẹgbẹ́ tiyín, tí ẹnì kan ń wọ̀ ọ́ jó níwájú yín, torí ìgbà tí ẹyẹ bá wọlé ni àdán ń jáde. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Èmi gan-an ò rí i rí.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ká palẹ̀ yàrá ẹrù kan mọ́ kó lè di kíláàsì. Mo rí aṣọ dúdú ńlá kan lábẹ́ àwọn àga tó ti kán. Kò lórí, kò lẹ́sẹ̀. Ìyá agbálẹ̀ ní, "Gbé e lọ, ìyá ọmọ. Bí o ò bá gbé e, eku ni yóò jogún ẹ̀." Fèrèsé yàrá wa ti fọ́, ọmọ ń wúkọ́. Mo fọ aṣọ náà, mo gé e, mo fi rán aṣọ òtútù fún un. Ìgbà tí mo tú ìṣẹ́tí kejì ni mo rí òwú pupa tí ẹ máa ń fi pamọ́ sínú gbogbo aṣọ tí ẹ bá rán. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé Àdán yín ni mo gé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun rí fọ́tò àtijọ́ kan, ó ní dandan, Àdán ló máa ṣáájú wa lọ́jọ́ tí a bá ń gbàwé-ẹ̀rí. Wọ́n rí orí nínú páálí, wọn ò rí ara. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹni tó bá jí i kò ní ṣèdánwò. Ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń sáré wá kíláàsì, toyún tọmọ.

Mo lọ bá ìyá agbálẹ̀ pé kó bá mi jẹ́rìí pé òun ló ní kí n gbé e. Ó ní, "Èmi kẹ̀? Ìgbálẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ o." Látìgbà náà, gbogbo ojú ló jọ ojú ẹlẹ́rìí. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ lẹ́yìn mi, mo máa ń rò pé wọ́n ń ṣẹ́jú síra wọn ni. Mo yí inú aṣọ ọmọ síta, síbẹ̀ akọ̀wé ọ́fíìsì fọwọ́ pa á wò lọ́jọ́ Ajé.

"Aṣọ yìí mà nípọn o! Ta ló rán an?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Irọ́ kọ́ kúkú ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n yín mọṣẹ́ o jàre."

Ẹ̀rín wo nìyẹn? Lọ́jọ́ kejì ló sọ lójú gbogbo wa pé ẹni tó rán Àdán ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì, pé ó ń bọ̀ wá wò ó ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ló tẹjú mọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́? Ẹ ò sọ fún mi. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, pàkúté ni wọ́n dẹ, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n sì ń wọ̀n. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ má lọ sí ọ́fíìsì o, ilé mi ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Mo ti tú aṣọ ọmọ, aṣọ ìnura ni mo fi ń wé e báyìí. Gbogbo àjákù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ mú abẹ́rẹ́ dání, àti òwú pupa.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ má ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Ẹ mọ̀ pé ẹnu wọn kò nílẹ̀kùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ èsì sí mi, kó tó mi lọ́wọ́ ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀ náà.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí oorun ti sá fún,
                                        Aláròyé.