Màlúù Kì Í Ṣe Owó Oṣù

Marlys ọmọ mi,

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí òjò yìnyín pa àgbàdo bàbá mi run. Kíláàsì kẹfà ni mo ti kúrò nílé ìwé, ẹ̀rọ agékoríko gé ìka mi kan, abà mi jóná lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ọgọ́ta màlúù ló ń ké lẹ́yìn ilé mi lónìí. Mo kọ́kọ́ rán ọ létí ni, kó o lè mọ̀ pé ẹni tó mọ nǹkan ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Ṣé ara le? Ṣé òtútù Milwaukee ò bá ọ jà jù? Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ màlúù nínú yìnyín máa ṣọ́ ọ láàárín àwọn ilé gíga wọ̀nyẹn. Àlàáfíà la wà. Eyín tuntun Vernon aládùúgbò wa jábọ́ sínú ọbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọbẹ̀ ló gbóná jù.

Ọ̀rọ̀ Rudy Pelke, agbábọ́ọ̀lù yín, ló gbé mi dé ìdí tábìlì. Rédíò ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ jẹ́ kó lọ, torí owó tẹ́ ẹ kó fún ajubọ́ọ̀lù tuntun yẹn, ẹni tó ń fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù fún àwọn tó ń sáré. Mo fi fóònù pè ọ́, obìnrin kan ló gbé e, ó ní kí n sọ̀rọ̀ tí mo bá ti gbọ́ ohùn aago. Mo kí i, mo béèrè àwọn òbí rẹ̀, kò dáhùn. Kí wọ́n bá mi kọ́ ọmọ yẹn.

Nígbà tó o pè mí padà, o ní àwọn tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ti fi ààlà sí gbogbo owó tí ẹgbẹ́ kan lè san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́dún, pé ìwọ ni ẹgbẹ́ yín sì gbà láti máa ṣọ́ ààlà náà. Mo ní ṣé ọ̀gá yín ò lówó ni. O ní ó lówó bíi yẹ̀pẹ̀, kò kàn gbọdọ̀ ná an ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Mo mọ ẹni tí ò lówó tó ń náwó, n ò tíì rí irú èyí rí.

Ọmọ mi, ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Nígbà tí àwa òṣìṣẹ́ ilé wàràkàṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, fìlà la fi ń gba owó lọ́wọ́ òǹwòran, bóyá ogún dọ́là. Arne Voss tó ń ju bọ́ọ̀lù ni ìràwọ̀ wa, a ń fún un ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwa mẹ́wàá tó ń dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri ń pín márùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ògiri náà kàn là bí ilẹ̀kùn abà ni, àwọn alátakò wọlé, wọ́n ṣẹ́ Arne léjìká. Èmi gan-an wà lára ilẹ̀kùn náà. Láti ìgbà yẹn, owó wa di dọ́gba-n-dọ́gba, àmọ́ ìyàwó Arne ò fi owó ra wàrà mọ́, ní oṣù kọkànlá ẹlẹ́dẹ̀ kan á sì wọlé wọn. Ìyá rẹ ló máa ń so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lọ́rùn. A ò kọ ọ́ síbì kankan. Ọdún mẹ́sàn-án ni Arne fi bá wa gbá a.

Ọdún mọ́kànlá ni Pelke ti ń sáré fún yín. Lórí ibùsùn ọsibítù, ìyá rẹ ṣì ń béèrè bóyá orúnkún Pelke ti san. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù yín tó mọ̀ lórúkọ ti lọ, ó ku òun nìkan. Lọ́jọ́ Àìkú mo ṣì máa ń sọ fún àga ìyá rẹ pé Pelke ti gbá bọ́ọ̀lù mú. Tó bá lọ, kí ni kí n máa sọ fún àga?

Torí náà, kí Pelke gba owó kékeré, kó wọ inú ààlà yín, èmi àti àwọn aládùúgbò wa á fi ìyókù kún un. Nígbà tí mo dá àbá yìí, o ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fún un ní ẹyin kan péré, wọ́n á lé mi níṣẹ́.” Òótọ́ lo sọ. Ta ló ń fún ìràwọ̀ ní ẹyin kan? Ìwọ̀sí ni. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ di màlúù nìyẹn.

Fi ogójì dọ́là epo ọkọ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe pé mi ò ní, àmọ́ bàbá tó ń bọ̀ wá bá ọmọ ṣiṣẹ́ kì í ra epo fúnra rẹ̀. Ìjókòó rẹ níbi iṣẹ́ á tọ́jọ́. O ò ní ṣe àṣedànù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti Vernon á gbé màlúù náà wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá yín, pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù ìyá rẹ lọ́rùn rẹ̀. Torí pé ẹ̀yin ará ìlú ńlá fẹ́ràn ìwé, mo ti kọ orúkọ gbogbo wa àti ohun tí kálukú mú wá, n ó sì fi lé ọ̀gá yín lọ́wọ́. Orúkọ tìrẹ ni mo kọ sókè pátápátá, kó lè mọ ẹni tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Orville Stensrud