Ọ̀bẹ Orí Àpótí

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ilé yín ní Mushin ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn ọ̀bẹ yín mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣì wà lórí ìṣó lára ògiri, láti orí ọ̀bẹ ọdẹ tí bàbá yín fi ń kun ẹran ìgbẹ́ ní Ìsẹ́yìn, dé orí àwọn kékeré tí ojú wọn ń ká wọnú èkù, tí ẹ máa ń kì bọ àpò ṣòkòtò. Èmi náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ tí mo ní í rò.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí Iléyá bá ku ọ̀la? Ẹ ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òkúta ìpọ́nbẹ àti omi nínú agolo mílíìkì, ẹ ó máa pọ́n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì fi irun apá yín dán wọn wò. Ìdí nìyẹn tí apá yín òsì fi máa ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń wá yá ọ̀bẹ tí wọ́n máa fi pa àgbò, ṣùgbọ́n ẹ kì í fi ọ̀bẹ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Orí àpótí ìjókòó yín lẹ ó gbé e sí, kí onítọ̀hún fọwọ́ ara rẹ̀ mú un, kó lè jẹ́ pé òun ló fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí mo nawọ́ gbà á lọ́wọ́ yín ní kékeré, ẹ gbá mi lọ́wọ́. Ó ta mí títí di ìrọ̀lẹ́.

Kí ló wá dé lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ẹ lọ? Ẹ pè mí sún mọ́ àga gígùn tí ẹ dùbúlẹ̀ sí, ẹ fi ọ̀bẹ bàbá yín lé mi lọ́wọ́ tààrà, ẹ sì ká ìka mi mọ́ èkù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, Àǹtí, àbúrò yín, náà wà níbẹ̀. Ṣé àìsàn ló jẹ́ kí ẹ gbàgbé àpótí ni, àbí ẹ mọ̀-ọ́n-mọ̀ dè mí mọ́lẹ̀? Mo ti bi ara mi títí, ó ti sú mi.

Níbi àdúrà ogójì ọjọ́ yín ni ẹbí ti pinnu pé, nígbà tó jẹ́ èmi lẹ gbé ọ̀bẹ fún, èmi ni kí n máa gbé inú ilé ti àwọn ọ̀bẹ náà, kí àdúgbò lè máa bá wọn níbi tí wọ́n mọ̀ wọ́n sí. Mo gbà. Ẹkún ni kò jẹ́ kí n ríran. Ó ti pé ọdún méjì báyìí.

Iṣẹ́ ti gbé ọkọ mi lọ sí Abẹ́òkúta, òun àti ọmọ wa. Eyín iwájú ọmọ náà méjì ti yọ, inú fóònù ni mo ti rí i. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá kó àwọn ọ̀bẹ lọ sí ilé rẹ̀ ní Àgùdà. Ó ní ìyàwó òun ò lè sùn nínú ilé tí ọ̀bẹ kún. Ìyàwó tó ń wá yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi lọ́dọọdún, Bàbá.

Èyí tó tún wá burú ni pé mo mọ̀ ọ́n pọ́n. Ọwọ́ mi mọ bó ṣe yẹ kí ọ̀bẹ dùbúlẹ̀ lórí òkúta. Àwọn aládùúgbò ń yìn mí pé ẹ ò kú rárá. Mo ń rẹ́rìn-ín sí wọn, àmọ́ ó ń ṣe mí bíi kí n sá jáde.

Iléyá parí lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo ọ̀bẹ sì ti padà. Lánàá, mo di báàgì mi, mo ránṣẹ́ pe Ẹ̀gbọ́n mi àti Àǹtí. Mo gbé ọ̀bẹ bàbá yín sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà níṣojú wọn, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ mú un. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ fóònù. Àǹtí tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Wọ́n jẹ ẹran, wọ́n mu sóbò, wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Mo jókòó tì í. Mo ti pinnu pé n kò ní fọwọ́ kàn án. Ni òjò bá bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ́ wọlé lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán sí ọ̀bẹ náà lára, mo sì mọ̀ pé á dógùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo dìde, mo mú un, mo fi etí ìró mi nù ún gbẹ.

Bàbá, ẹnikẹ́ni ò fi lé mi lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Orí àpótí ni mo ti mú un. Báàgì mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò sì tíì mọ ohun tí n ó sọ fún ọmọ mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń bá yín jà.